Pírẹ́sídà Tó Ka Amọ̀ Léèwọ̀ ní Ilé Bàbárímisá

Bí ẹ bá fẹ́ rí òmùgọ̀ tó wọ súùtù, ẹ má wulẹ̀ dààmú dé Lomé. Ẹ dé Atakpamé, ẹ gun alùpùpù kọjá Agbonou, kí ẹ forí lé ọ̀nà Akparé. Ìlú kékeré tí ẹ máa kàn lápá ọ̀tún, lẹ́yìn igbó igi tẹ́ẹ̀kì, Òkè-Rímisá ni. Ẹ béèrè Raymond Ògúnyínká. Ẹni tí ẹ bá bi á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, kó tó nawọ́ sí ilé mi. Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi gan-an ni. Mo ti rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo rí i pé bí mi ò bá fẹnu ara mi sọ ìtàn yìí, àwọn ará Akparé ló máa máa sọ ọ́ kiri, àwọn yẹn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀tàn láìfi iyọ̀ sí i.

Ilé kan wà láàárín ìlú wa, ilé Bàbárímisá, ẹni tó tẹ ìlú yìí dó. Ilé amọ̀ ni, yàrá mẹ́ta, koríko ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Àwọn àgbà ní ó ti wà níbẹ̀ kí àwọn Jámánì tó dé. Èmi, nígbà tí mo di èèyàn ńlá, mo ní ó ti pé ẹgbẹ̀rún ọdún. Ta ló kà á? Èmi náà ni.

Ẹni tó ń gbénú ilé náà ni Lọ́lá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Tasí là ń pè é, bí a ṣe ń pe arábìnrin bàbá ẹni lọ́dọ̀ wa. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Inú yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n bí i sí, abẹ́ ilẹ̀ yàrá yẹn náà ni wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń tọrọ láyé yìí, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ ọ́n: kí òun kú sínú yàrá yẹn. Kò tọrọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo rí i bí ohun tó pọ̀ jù.

Bí mo ṣe di Pírẹ́sídà Kòmítéè Ìdàgbàsókè kò le rárá. Àwọn tó kù wà lóko lọ́jọ́ ìpàdé. Fáníyì, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, dábàá mi. Èmi náà dábàá rẹ̀ ní akọ̀wé. A pàtẹ́wọ́ fún ara wa, a sì ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá pè mí ní Raymond, etí mi á di. Mèsíọ̀ lè Pírẹ́sídà, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Pírẹ́sídà lédè Faransé, ni mo ń jẹ́, ìyàwó mi pàápàá ni mo ní kó máa pè mí bẹ́ẹ̀. Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ọbẹ̀ òun máa jóná kí òun tó pè é tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìpàdé wa ṣe máa ń rí. Fáníyì á dìde, á nu awò ojú rẹ̀, á ní: "Ẹ dìde fún Mèsíọ̀ lè Pírẹ́sídà Kòmítéè Ìdàgbàsókè, Alábòójútó Ìtàn, Olùṣọ́ Àná, Atọ́nà Ọ̀la, Ọ̀kan Ṣoṣo Nínú Wa Tó Ti Sùn Nínú Òtútù Ẹ̀rọ ní Lomé!" Ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, á ti sùn, á ti jí, á tún ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún mìíràn kó tó kà á tán. Èmi á máa mi orí díẹ̀díẹ̀, bíi pé ìyìn náà ń sú mi. Irọ́ ni o. Èmi ni mo kọ ọ́ fún un.

Bí ẹ bá máa bi mí níwájú pé ta ló sọ ohun tí àwọn èèyàn ń rò nínú fún mi ńkọ́? Àwọn fúnra wọn ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú kúrò nípò, kò sẹ́ni tí kò tíì wá sọ ohun tó rò nípa mi fún mi. Àwọn kan wá lẹ́ẹ̀mejì.

Oorun inú òtútù tí Fáníyì ń wí yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà. Wọ́n pè wá sí Lomé, ọjọ́ méjì, pé kí àwọn tó ní ilé àtijọ́ nílùú wọn wá kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fún wa ní ìrẹsì àti ẹja, ẹja náà tóbi. Nígbà tí a padà wọlé, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn, olùkọ́ obìnrin tó ń kọ́ wa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo sì sùn lọ fọnfọn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́ nígbà tí mo ta jí: "Ohun àtayébáyé, ẹ má ṣe yí i padà." Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, mo tún sùn. Ìdajì ẹ̀kọ́ ni mo gbé wálé, òun ni mo sì fi ṣe òfin.

Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, àwọn obìnrin ló ń rẹ́ ilé Bàbárímisá. Wọ́n á wa amọ̀ pupa, wọ́n á pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á se èèpo èso igi irú, wọ́n á fi omi rẹ̀ rin ín, kó lè le. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Obìnrin mẹ́tàdínlógún ni, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní apá ògiri tirẹ̀. Ọkùnrin kì í fọwọ́ kan amọ̀ yẹn. Àwa ọkùnrin, omi là ń pọn. Èmi ò pọn omi rí, torí ọjọ́ yẹn ni ẹ̀yìn máa ń dùn mí.

Lọ́dún yẹn, àwọn obìnrin ti po amọ̀ tán kí n tó dé pẹ̀lú pátákó kan. Fáníyì ló kọ ọ́ sára rẹ̀: ÈÈWỌ̀! ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ FỌWỌ́ KAN ÌTÀN. Mo gun orí odó kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, mo wúkọ́.

"Ẹ̀yin ará Òkè-Rímisá! Ẹ̀yin òkè! Ẹ̀yin igi tẹ́ẹ̀kì tó wà lẹ́bàá títì! Àgbáyé ń wò wá!"

Àgbáyé tó ń wò wá lọ́jọ́ yẹn ni ewúrẹ́ méjì àti ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́.

"Láti òní lọ, ilé yìí kì í ṣe ilé mọ́. Ohun-ìní ìran ènìyàn ni. Amọ̀ tuntun lórí ògiri àtijọ́, ẹ̀gàn ni fún Bàbárímisá!"

Tasí jáde síta, ó fọwọ́ bojú nítorí oòrùn. "Raymond, kí lo ń wí? Ìran ènìyàn wo? Ṣé wọ́n máa wá rẹ́ ẹ ni?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ògiri náà máa san ewúrẹ́ kan fún kòmítéè, èmi Pírẹ́sídà nìkan ni mo ní àṣẹ láti kàn án. Kí ni mo fẹ́ fi àṣẹ náà ṣe? Mi ò mọ̀. Mo ṣáà fẹ́ kí n nìkan ní nǹkan.

Amọ̀ ti ń gbẹ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da gbogbo rẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n lọ sílé, wọn ò sọ nǹkan kan. Fáníyì sọ sí mi létí pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ọ̀wọ̀ ni. Mo gbà á gbọ́, ẹ ò rí ayé mi lóde!

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán, ó ṣì kù. Lọ́sẹ̀ kejì, mo padà lọ bá Tasí.

Mo ní: "Tasí, ẹ máa kó lọ. Èéfín ààrò yín ń ba ìtàn jẹ́."

"Èéfín yẹn ni ikán ń sá fún, ọmọ yìí. Bí mi ò bá dáná nínú ilé yìí, ikán á jẹ igi òrùlé tán."

"Tasí, ikán kì í jẹ ìtàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi lẹ́nu débi pé mo ní kí Fáníyì kọ ọ́ sínú ìwé. Tasí wò mí títí. Ó ní: "Mo ti di arúgbó, Raymond. Mi ò ní pẹ́ mọ́ láyé. Jẹ́ kí n kú síbẹ̀, kó o tó máa fi ilé ṣe ohun tó wù ẹ́." Mo dá a lóhùn pé ilé náà ti di mùsée, ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí fún ìwòran, mùsée kì í sì í ṣe ibi tí èèyàn ń kú sí. Mo wá yàrá kan fún un ní Agbonou, yàrá onípáànù, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Philippe káfíńtà. Ó di ẹrù rẹ̀ sínú aṣọ kan, ó gun ẹ̀yìn alùpùpù, kò sì wẹ̀yìn.

Philippe yẹn náà ló bá mi kan àga. Ṣé mùsée lè wà láìsí àga olùdásílẹ̀? Àga ńlá kan báyìí, ó gbẹ́ orí ẹkùn méjì sí i lápá, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó fi iyanrìn ha á kó lè dà bí ohun àtijọ́. A gbé e sí yàrá ẹ̀yìn, ibi tí ẹní Tasí wà tẹ́lẹ̀. Bàbárímisá tí àwọn àgbà sọ pé orí òkúta ló máa ń jókòó sí, mo fún un lórí ẹkùn méjì.

Òjò ọdún àkọ́kọ́ rọ̀, ó lọ. Ti ọdún kejì rọ̀. Ibi tí òjò ti ń wá lọ́dọ̀ wa ni ìlà-oòrùn, ògiri ìlà-oòrùn ló sì ń jẹ ìyà. Ó kọ́kọ́ ń fọ́ ní wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ló sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọmọ ọwọ́ lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo pe Fáníyì kó wá wò ó.

"Mèsíọ̀ lè Pírẹ́sídà," ni Fáníyì wí, "ẹ̀yin lẹ ń pe èyí ní sísán? Ìhunjọ ojú àgbà ni. Ilé náà ti ń gbọ́n."

Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an, gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́wọ́ fún mi nígbà tó yá, ni pé: "Ilé yìí máa wó, kó má ṣáà wó nígbà tí mo bá wà níbẹ̀." Mo sọ ibi tó sán yẹn ní Ìlà Ìtàn. Mo ní kí gbogbo àlejò máa dúró níwájú rẹ̀, kí wọ́n ṣí fìlà.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn kẹta dé, mo kọ̀wé sí Lomé pé kí wọ́n wá ṣí mùsée. Ọ̀gá kan sì wá, obìnrin ni, pẹ̀lú ọkọ̀ méjì àti ẹni tó ń ya fọ́tò. Gbogbo ìlú pé. Àwọn ará Akparé wá wòran. Philippe náà wá, ó wọ aṣọ àṣẹ̀yẹ, nítorí àga rẹ̀. Fáníyì ka oyè mi, ó fi mẹ́rin tuntun kún un. Lẹ́yìn náà ni èmi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, ojú ìwé mọ́kànlélógójì. Ní ojú ìwé kẹsàn-án, mi ò tíì bí Bàbárímisá. Ní ojú ìwé ogún, ó gun ẹṣin wọ ìlú, bẹ́ẹ̀ ìlú kò tíì sí. Ọ̀gá náà wo aago, ó bẹ̀ mí pé kí a kọ́kọ́ ya fọ́tò ná, kí oòrùn tó ti wọn mọ́lé.

Onífọ́tò ní kí n súnmọ́ ògiri ìlà-oòrùn. Ó ní: "Mèsíọ̀ lè Pírẹ́sídà, ẹ gbé ọwọ́ lé e, bí ẹni tó ni ín."

Ta ló láṣẹ? Èmi nìkan! Mo gbé àyà sókè, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ògiri Bàbárímisá.

Kò ṣe ariwo. Ó kọ́kọ́ gbà mí láyè, bí ẹnu ọ̀nà tí wọn ò tì. Mo rò pé èmi ni mo ń ṣubú. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ wọlé lọ, gbìì, eruku pupa sì bo èmi àti súùtù mi àti ojú ìwé mọ́kànlélógún tó kù. Òrùlé tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Igi kan já bọ́ níwájú ọ̀gá, ó fọ́ sí méjì, ikán sì ń sáré nínú rẹ̀ bí èrò ọjà.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, gbogbo èèyàn rí yàrá ẹ̀yìn. Àga olùdásílẹ̀ ti dojú délẹ̀, ìdí rẹ̀ wà lókè. Wọ́n ti kọ nǹkan sí ìdí àga náà pẹ̀lú ọ̀dà funfun, nọ́ńbà fóònù. Philippe máa ń kọ ọ́ sábẹ́ gbogbo àga rẹ̀ kí àwọn oníbàárà lè rí i pè. Ó ti mọ́ ọn lára, kò rántí pé tèmi yàtọ̀. Ọ̀gá tó ti Lomé wá tẹ nọ́ńbà náà sórí fóònù tirẹ̀. Orin fóònù kan dún lójijì láàárín èrò.

"Àlóò?" ni Philippe wí. "Philippe káfíńtà nìyí, àga wo lẹ fẹ́?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, bóyá wọ́n gbọ́ ọ dé Nangbéto. Mo ké pé àwọn ọ̀tá ìdàgbàsókè ló wó ògiri. Ọ̀gá náà bu amọ̀ díẹ̀, ó wò ó. Ipele lórí ipele ló wà lára rẹ̀, tínrín-tínrín, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan. Ó bi mí pé nígbà wo ni wọ́n rẹ́ ẹ kẹ́yìn. Mo ní mo ti kà á léèwọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

"Ohun tá a kọ́ yín," ni ó wí, "ni pé kí ẹ má yí i padà, kí ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ sùn níjọ́ yẹn, tẹ́ ẹ ń hanrun?" Ìgbà yẹn ni mo tó dá a mọ̀: olùkọ́ tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní Lomé ni.

Lọ́jọ́ kejì ìpàdé wà. Kò sẹ́ni tó lọ sóko. Fáníyì ló kọ́kọ́ nawọ́ pé kí wọ́n yọ mí, ó ní òun ti máa ń sọ fún mi pé ògiri yẹn sán. Wọ́n gba ìwé, wọ́n gba òǹtẹ̀, wọ́n gba pátákó, ẹnì kan sì fi pátákó náà dáná ẹ̀wà.

Mo lọ sí Agbonou. Páànù yàrá yẹn gbóná débi pé adìẹ ò lè dúró lábẹ́ rẹ̀. Tasí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbẹ, apá rẹ̀ ti dà bí igi ìdáná. Mo ti múra lọ́kàn láti gba èébú. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní: "O ò tíì jẹun." Ojú tì mí, mo sunkún bí ọmọdé.

Ó jẹ́ kí n sunkún tán. "Òjò kù bí oṣù kan. Bí wọn ò bá gbé ògiri yẹn dìde kí wọ́n rẹ́ ẹ, mẹ́ta tó kù á tẹ̀ lé e, ibí yìí ni mo sì máa kú sí. Má pe àwọn obìnrin sípàdé o, wọn ò ní wá. Bí a ṣe ń pè wọ́n ni kó o ṣe pè wọ́n. Lọ láti ilé dé ilé, kó o dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó o pe obìnrin kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀."

"Tasí, kí lorúkọ wọn?"

Ó yí ojú sí mi. "O ò mọ orúkọ wọn?"

Mo mọ orúkọ gbogbo ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì ní Atakpamé àti ọjọ́ ìbí àwọn kan nínú wọn. Àwọn obìnrin ìlú mi, ìyá lágbájá àti ìyàwó tàmẹ̀dò ni mo mọ̀ wọ́n sí. Tasí kà wọ́n fún mi, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ọ̀rọ̀ mi. Mẹ́rìndínlógún ló kà. Mo ní ó ku ẹyọ kan. Ó ní: "Tó o bá pe àwọn yẹn tán, lọ sílé."

Tóyìn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀, ó yára kó ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. "Áà, Mèsíọ̀ lè Pírẹ́sídà, ẹ rọra o! Kí n má lọ fọwọ́ kàn yín, mo gbọ́ pé ohun àtayébáyé ni yín, mi ò sì ní ewúrẹ́." Mo dúró nínú oòrùn títí ó fi ṣa ẹ̀wà náà tán, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un ṣà. Lẹ́yìn náà ló ní òun máa wá, nítorí Tasí. Báyẹn ni gbogbo wọn: ìyìn kò sí, ìbúra kò sí, "nítorí Tasí" ni ṣáá.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ògiri náà ti dìde. Tasí ti padà, ó ń dáná nínú ilé, èéfín ń jáde, inú yàrá rẹ̀ ló sùn sí lánàá. Àga yẹn ti di ibi tí adìẹ ń yé sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọ̀gá Lomé, tàbí Philippe, tàbí àwọn ará Akparé ni mo fi ń dá sọ̀rọ̀ nígbà mìíràn. Nítorí ilé kẹtàdínlógún ni.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí mo délé mi, ohùn ti há. Flora, ìyàwó mi, jókòó lórí àpótí, ó ń gé ilá.

Mo ní: "Tasí ní kí n lọ sílé. Ẹyọ kan ló kù, mi ò mọ ẹni náà."

Kò dáwọ́ dúró. "Ògiri wo ló wó, Bàbá Jordan?"

"Ti ìlà-oòrùn."

"Ọdún kejìlélógún rèé tí mo fẹ́ yín. Lọ́dún tí mo wọlé yín ni Tasí mú mi lọ síbẹ̀. Ó ní ìyàwó ilé wa ló ń rẹ́ ibi tí òjò ti ń wá. Ọdọọdún ni mo ń rẹ́ ẹ. Mo fi oyún Jordan rẹ́ ẹ. Mo rẹ́ ẹ lọ́dún tí ìyá mi kú." Ó gé ilá kan, ó gé òmíràn. "Nígbà tí mo bá wálé tamọ̀tamọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, níbo lẹ rò pé mo ti ń bọ̀?"

Mo wá irọ́ kan, mi ò rí. "Mo rò pé oko ni."

"Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gun orí odó. Amọ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ wo ojú mi, ẹ ní ẹ̀gàn ni."

Mi ò rí i lọ́jọ́ yẹn. Mo fi Ọlọ́run búra, àgbáyé ni mò ń wò. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kọ láti ọdún wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó wúlò fún mi nínú àgbàlá yẹn. Mo pe orúkọ rẹ̀, "Flora," mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀, mo ń sunkún, èmi ọkùnrin, fún ìyàwó mi, lójú àwọn aládùúgbò.

Kò ní kí n dìde. Mo gbọ́ tí ó gbé abọ́ ilá kúrò lẹ́sẹ̀, tó sì ró aṣọ mọ́dìí dáadáa. Ó gba ẹ̀gbẹ́ orí mi kọjá. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"A kì í fi ẹkún po amọ̀," ló wí. "Omi dà?"